Ta Ló Dí Páìpù Ìyá Débọ́lá?

Faridah ló kọ́kọ́ rí Ìyá Débọ́lá nílẹ̀. Aṣọ ọmọ rẹ̀ ló wá gbà. Òjò ti ń rọ̀ ní Ìkòsì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, oòrùn kò yọjú, ìledìí kò gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Tirẹ̀ ni kó ṣáà máa tọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ìyálọ́mọ àdúgbò fi ń kó aṣọ lọ bá Ìyá Débọ́lá. Ìyá àgbà yìí ní ẹ̀rọ amáṣọgbẹ kan tó ń lo gáàsì, dráyà ni gbogbo èèyàn ń pè é, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé wọn. Débọ́lá ọmọ wọn ló rà á fún wọn kí wọ́n má baà máa sá aṣọ kiri pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Ṣùgbọ́n ìyá kò fi mọ sórí aṣọ tiwọn. Kò pẹ́ tí yàrá náà fi di ibi tí apẹ̀rẹ̀ aṣọ ọmọdé kì í tán.

Faridah kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà tó ń yí nínú ilé. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn wọlé, ooru gbá a lójú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò lórí iná. Ìyá Débọ́lá nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dráyà, fìlà ọmọdé kan ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Faridah figbe ta. Ó ki ìyá mọ́lẹ̀ lábẹ́ abíyá, ó wọ́ wọn jáde sínú òjò. Ọkọ wọn, Bàbá Bartholomew Ọlábámijí, sáré jáde láti pálọ̀ láìwọ bàtà. Àwọn aládùúgbò bá wọn gbé ìyá lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe àárẹ̀. Èéfín olóró ni wọ́n fà símú, irú èyí tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbọ́. Wọ́n fi ìbòmú afẹ́fẹ́ sí wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìyá kò lajú.

Ibi tí inú ti bí Débọ́lá nìyẹn. Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ó ní kí wọ́n mú Muideen, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá màmá rẹ̀ tún ẹ̀rọ náà ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà.

"Òun ló so gáàsì yẹn! Gáàsì ló ń jò! Òun ló fẹ́ pa màmá mi!"

Wọ́n ti Muideen mọ́lé, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lé Inspẹ́kítọ̀ Adédiwúrà Fáṣínà lọ́wọ́.

Adédiwúrà kì í ṣe ọlọ́pàá tí ń pariwo. Bó bá dé ilé àgbà, yóò bọ́ bàtà, yóò kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kó tó wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí yóò mú wọn làágùn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Kétu a máa sọ pé ó sàn kí ọlọ́pàá mìíràn jágbe mọ́ni ju kí Inspẹ́kítọ̀ Fáṣínà rẹ́rìn-ín músẹ́ síni lọ. Òun àti Sájẹ́ǹtì Kelvin ni wọ́n jọ dé ilé àwọn Ọlábámijí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Débọ́lá àti Faridah ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu yàrá ẹ̀rọ.

"Faridah," ni Inspẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí o wọlé, òórùn gáàsì ni o gbọ́ bí?"

"Rárá, mà. Òórùn aṣọ tó fẹ́ jóná ni mo gbọ́. Ó sì yà mí lẹ́nu, torí mo fọwọ́ kan aṣọ tó wà nínú ẹ̀rọ, ó gbóná bí ẹ̀kọ, síbẹ̀ omi ṣì wà lára ẹ̀."

"Ó gbóná, kò sì gbẹ." Inspẹ́kítọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara rẹ̀ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Fèrèsé ńkọ́?"

"Wọ́n ti pa á dé, mà. Torí òjò."

Inspẹ́kítọ̀ ní kí Kelvin po ọṣẹ sínú omi. Wọ́n ṣí sílíńdà gáàsì, Kelvin sì fi kànìnkànìn ta omi ọṣẹ náà sí gbogbo ibi tí rọ́bà gáàsì ti so mọ́ra, láti ẹnu sílíńdà títí dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí gáàsì bá ń jò, ibẹ̀ yóò máa hó. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn.

"Madam, e no dey bubble at all," ni Kelvin wí. "Everywhere tight."

"Gáàsì kò jò nígbà náà," ni Inspẹ́kítọ̀ wí.

Asẹ́ pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu dráyà tí ń gba èérún òwú tó bá ń bọ́ lára aṣọ. Bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá lẹ, ibẹ̀ ni òwú yóò ti dì títí tí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí ọ̀nà kọjá. Inspẹ́kítọ̀ fa asẹ́ náà yọ. Ó mọ́ tónítóní. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, níbi tí páìpù onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti gbéra, tó gùn lọ sókè, tó sì gba ara ògiri jáde. Páìpù yìí ni ooru àti èéfín iná gáàsì ń gbà bọ́ síta. Inspẹ́kítọ̀ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò sí ibi tó ká kò.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tó yọ sí."

Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ etí òrùlé, ẹnu páìpù náà ga ju orí èèyàn lọ. Ìdérí onírin kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀, bóòtù mẹ́rin ló dè é. Kelvin gun àga, ó tú bóòtù, ó ti ọwọ́ bọ inú páìpù. Ohun tó fà jáde mú kí Faridah kígbe. Aṣọ ìnura funfun kan ni, tó dí páìpù náà pinpin.

"Mo mọ̀ ọ́n!" Débọ́lá nawọ́ sí ilé kejì. "Bàbá Shittu ni! Wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo àdúgbò pé àwọn máa dí ihò yìí!"

Ní fèrèsé ilé kejì, orí bàbá kan yọ, ó sì tún wọlé kíá.

Bàbá Shittu ń ṣe bàtà. Ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n, iṣẹ́ awọ ni wọ́n sì jogún. Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n ń fi òòlù lu àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ bá Màmá Débọ́lá jà."

"Mo bá wọn jà. Èéfín gbígbóná yẹn ń fẹ́ wọlé tọ̀ mí wá, ó ń jẹ́ kí awọ mi bu. Ẹ wo eléyìí." Wọ́n na awọ kan tí èébu ti bò sí Inspẹ́kítọ̀. "Mo sọ ọ́ pé màá dí i. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jà, bí í ká kú kọ́, ọmọ mi. Obìnrin yẹn ló gbọ́únjẹ fún mi nígbà tí ọ̀kadà gbé mi ṣubú ní Alápẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi Màríyámọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn ní ọsibítù báyìí tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, sà, látìgbà tí ọ̀kadà ti gbé yín ṣubú?"

Bàbá Shittu gbé òòlù sílẹ̀. Wọ́n fa ọ̀pá tó wà lẹ́yìn àga yọ, wọ́n fi ta ilẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lè dìde dúró. Inspẹ́kítọ̀ tètè dì wọ́n mú.

"Ẹ jókòó, sà. Mo ti rí i. Ẹ̀yin kọ́ lẹ gun àga."

"Tí mo bá sì fẹ́ dí i," ni bàbá náà fi kún un bí wọ́n ṣe ń jókòó, "sìmẹ́ńtì ni màá fi dí i, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé èmi ni!"

Inspẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé inú mọ́tò, ó tẹ́ aṣọ ìnura náà sórí itan rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ náà mọ́. Òórùn ọṣẹ àti kàfúrà ṣì wà lára rẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú látinú àpótí. Ẹni tó fi dí páìpù ti ká a ní mẹ́rin, etí sí etí, kó tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ni onítọ̀hún fara balẹ̀ dá ìdérí padà, tó sì de gbogbo bóòtù rẹ̀ kí òjò má baà gba ibẹ̀ wọlé.

"Kelvin," ló wí, "tí o bá kórìíra èèyàn, ṣé wàá wá aṣọ tó mọ́ fi dí páìpù ẹ̀?"

"Madam, for where? Àkísà ni."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

Wọ́n padà sínú ilé lọ bá Bàbá Bartholomew. Ọ̀gá ni bàbá yìí nílé ìtẹ̀wé kan kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ sì ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wọn bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n jókòó nínú pálọ̀, oúnjẹ àná wà níwájú wọn, wọn kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ Màmá, sà. Ọlọ́run á gbé wọn dìde."

"Àmín."

"Ẹ ò jẹun, sà."

"Ebi ò pa mí."

"Ṣé ẹ gbọ́ ìró ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ilé níjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn?"

"Rárá."

Inspẹ́kítọ̀ dìde, ó fẹ́ máa lọ. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ni ohùn bàbá náà dé bá a láti ẹ̀yìn. "Ẹ fi ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀. Muideen. Kì í ṣe òun."

Inspẹ́kítọ̀ bojú wẹ̀yìn. "A máa wò ó, sà," ló sọ pẹ̀lẹ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n mú Muideen jáde. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ẹnjiníà, sọ fún mi. Báwo ni ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣe láìpẹ́ yìí?"

"Àjòjì ìṣòro ló ń ní, mà. Lákọ̀ọ́kọ́, Mummy pè mí pé kò gbóná. Mo débẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti pa ẹnu gáàsì lẹ́yìn ẹ̀rọ. Mo ṣí i, ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún pè mí. Wáyà ibi tó ń ṣáná ti yọ, ẹnì kan sì ti fi téèpù wé ẹnu ẹ̀ dáadáa kó má baà gbé èèyàn. Mo rò pé ẹlòmíì ni wọ́n pè kó wá tún un ṣe."

"Ó dáa. Irú ẹ̀rọ báyìí, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá dí, tí ó gbóná jù, ṣé kì í pa ara ẹ̀ ni?"

Muideen wolẹ̀.

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè, Muideen."

"Ó ní fíúsì kékeré kan tó ń jó tí ooru bá pọ̀ jù, mà. Iná á kú."

"Kí ló dé tí kò kú lánàá?"

Ọmọkùnrin náà fọwọ́ nu ojú. "Fíúsì yẹn ti jó lọ́jọ́ tó pẹ́. Mo wá irú ẹ̀ dé gbogbo ọjà, n ò rí i. Mummy ń kánjú, àwọn ìyálọ́mọ ń dúró. Mo bá so wáyà méjèèjì pọ̀. Mo ní tí mo bá rí fíúsì, màá fi sí i. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mummy ló ń pè mí lọ́mọ."

"Ilé wo lo tún ti so wáyà báyìí?"

"Ilé kan péré, mà. Ní Alápẹ̀rẹ̀."

Inspẹ́kítọ̀ fò dìde. "Kelvin! Mú un lọ síbẹ̀ nísinsìnyí. Kí wọ́n pa gáàsì wọn, kí wọ́n má sì tan ẹ̀rọ náà mọ́ títí fíúsì á fi dé." Ó yí padà sí Muideen. "Ìbéèrè kan ló kù. Ta ló bi ọ́ léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí páìpù yẹn bá dí?"

Muideen dárúkọ ẹnì kan. Inspẹ́kítọ̀ kàn mí kanlẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ọsibítù lọ.

Ìyá Débọ́lá ti lajú. Wọ́n ti gbé ìbòmú kúrò lẹ́nu wọn, irọ̀rí wà lẹ́yìn wọn, Màríyámọ̀ ń fi ṣíbí bu ògì fún wọn. Débọ́lá jókòó létí ibùsùn. Bàbá Shittu náà ti tiro dé. Bàbá Bartholomew nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, bí àlejò tí wọn kò tíì ní kó wọlé.

Inspẹ́kítọ̀ kúnlẹ̀ kí ìyá. Lẹ́yìn náà ló fa aṣọ ìnura náà yọ nínú báàgì.

"Àwa ọlọ́pàá, tí wọ́n bá ba nǹkan jẹ́, a máa ń wá ọ̀tá," ló bẹ̀rẹ̀. "Mo wá ọ̀tá nínú ọ̀rọ̀ yìí, n ò rí i. Ẹni tó pa gáàsì kò gé rọ́bà. Ẹni tó yọ wáyà fi téèpù wé e kó má baà gbé Màmá. Ẹni tó dí páìpù fi aṣọ tó mọ́ dí i, ó sì dá ìdérí padà kí òjò má baà wọlé. Ọ̀tá kì í ṣọ́ra báyìí. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí ẹ̀rọ náà dákẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó bàjẹ́, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun ṣe ẹni tó ń lò ó."

Ó tẹ́ aṣọ ìnura náà sí etí ibùsùn.

"Inú ọgbà ni páìpù náà yọ sí, lóru géètì a máa wà ní títì, lọ́sàn-án sì rèé, àwọn ìyálọ́mọ ì bá rí àjèjì tó bá gun àga níbẹ̀. Ará ilé ni. Onítọ̀hún bi Muideen pé, tí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà jáde ńkọ́? Muideen ní ẹ̀rọ á kàn pa ara ẹ̀ ni, kò ní í ṣe nǹkan kan. Ojú ń tì í láti sọ pé òun ti yọ ohun tó ń pa á. Iná gáàsì sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin. Nígbà tí ọ̀nà dí, tí fèrèsé sì wà ní títì, inú yàrá ni èéfín náà padà sí." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ̀yin nìkan ló dá lójú pé kì í ṣe Muideen, sà. Ẹni tó mọ ẹni tó ṣe é nìkan ló lè dá lójú bẹ́ẹ̀."

"Daddy?" Débọ́lá dìde. "Daddy, ẹ sọ pé irọ́ ni!"

Bàbá Bartholomew rọra rìn wọlé.

"Èmi ni," ni wọ́n wí, wọ́n kọjú sí ìyàwó wọn. "Ọwọ́ rẹ ń wú, Damaris. Mo máa ń gbọ́ bí o ṣe ń kérora tí o bá fẹ́ dìde láàárọ̀. Mo ní kó o sinmi, o ní ọmọ Faridah kò ní aṣọ. Mo pa gáàsì, o pe Muideen. Mo yọ wáyà, o tún pè é. Mo wá rò ó pé tí aṣọ kò bá gbẹ mọ́, àwọn ìyálọ́mọ á yéé kó aṣọ wá fún ọ. Mo ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Wọ́n fi ọwọ́ bojú. "Mo fẹ̀sọ̀ mú un, ó kù díẹ̀ kí n pa ìyàwó mi."

Bàbá Shittu mi orí. Débọ́lá ń sunkún, kò mọ ẹni tí òun ìbá bínú sí.

Ìyá wo ọkọ wọn títí. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lọ.

"Ilé yẹn dákẹ́ jù, Bàbá Débọ́lá. Àwọn ọmọ ti lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ lè jí láàárọ̀ kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀ títí alẹ́. Tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá wá kó aṣọ, wọ́n á bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ á ké, ẹ̀rọ á máa yí. Ohùn èèyàn ni mo ń wá. Ẹ̀yin lẹ rò pé iṣẹ́ ni."



Inspẹ́kítọ̀ ní òfin ṣì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ, ìfẹ́ kò lè pa òfin rẹ́. Bàbá yóò wá sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́la láti sọ tẹnu wọn, òun fúnra òun yóò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí èrò ibi níbẹ̀. Ìyá ní àwọn kò ní bá ọkọ àwọn ṣẹjọ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bá Muideen náà ṣe é, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ní í so wáyà pọ̀ mọ́ láé. Kelvin ti tẹ Inspẹ́kítọ̀ láago láti Alápẹ̀rẹ̀ pé wọ́n ti pa gáàsì ilé ọ̀hún, tọmọtìyá ibẹ̀ sì wà lálàáfíà. Débọ́lá tẹ̀lé Inspẹ́kítọ̀ jáde, ó ní òun fúnra òun ló máa lọ bẹ Muideen.

Bí wọ́n ti ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì kan dé, ó ní àkókò àbẹ̀wò ti tán, kí gbogbo èèyàn máa lọ. Inspẹ́kítọ̀ rọra dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní àyè díẹ̀ sí i."

Nínú yàrá, Bàbá Bartholomew ti fa àga sún mọ́ ibùsùn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ ń kọsẹ̀ lẹ́nu wọn: pé àwọn wá iyọ̀ lánàá, àwọn kò rí i; pé òjò wọ ilé ìdáná; pé ológbò ẹnì kan bímọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, mẹ́ta funfun, ọ̀kan dúdú. Ọ̀rọ̀ wá ń ṣàn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa tún yọjú, bàbá ti padà sí ọjọ́ tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìjẹ̀bú, tí Damaris wọ búláòsì aláwọ̀ ewé, tó dúró lẹ́yìn gbogbo àwọn akọrin.

"Irọ́ ni," ni Ìyá Débọ́lá wí láti orí irọ̀rí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. "N ò ní búláòsì aláwọ̀ ewé rí láyé mi. Ẹ tún un sọ."